Ìran Tí Ẹdẹ Fi Han Ayé

Ọkùnrin méjì kojú ara wọn níwájú èrò nílùú Ẹdẹ. Ọ̀kan ni Ajagẹmọ, olórí àwọn abọrẹ̀ Ọbàtálá. Èkejì ni Olúnwi, abọrẹ̀ bíi tirẹ̀. Ijó ni wọ́n fi ń ja ìjà náà, ẹsẹ̀ àti apá ló ń sọ ohun tó wà nínú wọn. Nígbà tó yá, Olúnwi borí, ó mú Ajagẹmọ nígbèkùn, wọ́n sì gbé e kúrò lójú agbo. Ajagẹmọ kò janpata, nítorí sùúrù ni Ọbàtálá fi ń ṣẹ́gun. Ọba ìlú, Tìmì Ẹdẹ fúnra rẹ̀, ló san owó ìràpadà, kí wọ́n tó gbé ẹni tí wọ́n mú padà wọ ààfin pẹ̀lú ìlù àti ayọ̀.

Bí ọdún Ọbàtálá ṣe rí ní Ẹdẹ nìyẹn nígbà tí Ulli Beier, olùkọ́ kan tó wá láti Jámánì, rí i ní àwọn ọdún 1950, tó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Mo fi í ṣíwájú ọ̀rọ̀ mi nítorí pé nígbàkúùgbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ àfihàn iṣẹ́ ọnà àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ojú gbogbo ènìyàn a máa yà sí Èkó: sí Òníkan, níbi tí wọ́n ti ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba àpapọ̀ ní 1957, àti sí ìhà Lẹ́kí, níbi tí Yunifásítì Pan-Atlantic ti ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Yẹmisí Shyllon ní 2019. Àwọn ibi dáradára ni, mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè wa tó ti wà kí ọ̀rọ̀ mùsíọ́ọ̀mù tó dé: ìran. A ń wòran. Ẹni tó bá wá síbẹ̀, awòran ni. Ọmọ ìlú kéékèèké kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wòran. Ohun tó kù nílẹ̀ ni bí a ó ṣe máa tọ́jú ohun tí ìran náà fi ń dúró: ìlù, ère, aṣọ, fọ́tò, àti orúkọ àwọn tó ni wọ́n.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Ẹdẹ ju ọ̀pọ̀ ìlú lọ. Ìlú yìí ti fi ìran han ayé fún ọgọ́rin ọdún ó dín díẹ̀, ẹlòmíràn ló sì ń kó àkọsílẹ̀ rẹ̀ pamọ́.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí Beier. Ọdún 1950 ni òun àti Susanne Wenger, ìyàwó rẹ̀ nígbà náà, dé Ìbàdàn, níbi tí Beier ti gba iṣẹ́ ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ìgbé ayé inú ọgbà yunifásítì kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Wọ́n kó lọ sí Ẹdẹ, lẹ́yìn náà sí Ìlobùú, kí wọ́n tó wá fìdí kalẹ̀ ní Òṣogbo. Àwọn tó ń sọ ìtàn iṣẹ́ ọnà Òṣogbo sábà máa ń fo Ẹdẹ kọjá bí ẹni fo gọ́tà. Èyí kò tọ́. Ní Ẹdẹ ni Wenger ti pàdé Ajagẹmọ. Obìnrin òyìnbó tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ti bá jà, tí kò gbọ́ Yorùbá, àti àgbà abọrẹ̀ tí kò gbọ́ èdè òyìnbó: àwọn méjèèjì jókòó ti ara wọn, Ajagẹmọ sì mú un wọ inú ẹ̀sìn Ọbàtálá. Gbogbo ohun tí Wenger, tí wọ́n wá mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, mọ sínú igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo lẹ́yìn náà, àwọn ère ńláńlá tí wọ́n jẹ́ kí ìjọba sọ igbó náà di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1965, tí UNESCO sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005, ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ wà nílé Ajagẹmọ ní Ẹdẹ. Ẹni tó bá san owó ẹnu ọ̀nà láti wọ igbó Ọ̀ṣun lónìí, Ẹdẹ wà lára ohun tó ń wò, bí ẹnikẹ́ni kò tiẹ̀ sọ fún un.

Beier ní tirẹ̀ ń yí ìlú ká pẹ̀lú kámẹ́rà. Ní 1959, ìwé ìròyìn Nigeria Magazine tẹ ìwé rẹ̀ jáde, A Year of Sacred Festivals in One Yoruba Town. Ìlú kan ṣoṣo tí àkọlé náà ń sọ, Ẹdẹ ni. Ọdún kan gbáko, láti ọdún dé ọdún, òrìṣà dé òrìṣà. Ẹ rò ó wò: àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá lágbàáyé a máa ná òbítíbitì owó láti ṣe àfihàn kan tí yóò fi oṣù mẹ́ta dúró. Ẹdẹ ń ṣe tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin, láìsí tíkẹ́ẹ̀tì.

Ẹni tó jókòó sórí ìtẹ́ nígbà gbogbo ìyẹn ni mo fẹ́ kí a dúró ti fún ìgbà díẹ̀. Ọba John Adétóyèṣe Láoyè ni, ẹni tó jẹ Tìmì láti 1946 títí di 1975. Onígbàgbọ́ ìjọ Baptist ni, síbẹ̀ ó ń ṣe ojúṣe ọba nínú ọdún ìlú gbogbo. Ó sì mọ ìlù. Nígbà tí mo bá ní ó mọ̀ ọ́n, kì í ṣe bí ọba ṣe ń mọ̀ ọ́n láti orí àga. Ó ń gbé ìyáàlù kọ́ èjìká, ó ń mú kọ̀ǹgọ́, ó ń fi ìlù ki ènìyàn. Ní ilẹ̀ wa, ọmọ Àyàn ló ń lùlù fọ́ba. Ọba tó bá mú kọ̀ǹgọ́ lọ́wọ́ ti ṣe ohun tí ojú kò rí rí. Láoyè ṣe é ní gbangba, níwájú ará ilé àti àlejò, ní àkókò tí ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ìwé ń ka ìlù sí iṣẹ́ alágbe. Ní 1959 kan náà tí ìwé Beier jáde, ọba yìí kọ àpilẹ̀kọ lórí ìlù Yorùbá sínú ìwé àtìgbàdégbà Odù.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìdí tí mo fi pe Láoyè ní olùtọ́jú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí kò ní ilé, ẹ wo ohun tó wà nínú ìmọ̀ tó ń tọ́jú. Ìlù kì í ṣe ọ̀kan. Ìgbìn ni ti Ọbàtálá. Bàtá ni ti Ṣàngó. Ìpèsè ni ti Ifá, àgẹ̀rẹ̀ ni ti àwọn ọdẹ. Ti dùndún nìkan, ìdílé kan ni: ìyáàlù tó ń sọ̀rọ̀, tí ṣaworo ń dún létí rẹ̀, kẹríkẹrì, gángan, ìṣaájú, kànàǹgó, àti gúdúgúdú olójú kan tí wọ́n ń gbé kọ́ ọrùn, tí wọ́n ń fi awọ tẹ́ẹ́rẹ́ lù. Igi ọmọ ni wọ́n máa ń gbẹ́ fún dùndún, tàbí igi apá. Awọ ewúrẹ́ ni wọ́n fi ń bo ojú rẹ̀, ọṣán ló so ojú méjèèjì pọ̀, òun ni onílù ń fi apá fún tàbí tó ń dẹ̀ kí ohùn lè lọ sókè tàbí kó wálẹ̀. Bí ọṣán bá gbẹ jù, ìlù ń purọ́. Bí awọ bá tutù, kò ní fọhùn. Ohun èlò tó nílò ọwọ́ ènìyàn lára rẹ̀ lójoojúmọ́ ni.

Mo ti wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan rí, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, tí wọ́n gbé ìyáàlù kan sínú àpótí gíláàsì. Awọ rẹ̀ ti la. Ìwé pélébé kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ méjì sí lédè Gẹ̀ẹ́sì, kò sí orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ, kò sí orúkọ ìlú, kò sí ohun tí ìlù náà sọ kẹ́yìn. Ọmọdékùnrin kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó bi ìyá rẹ̀ pé, “Ṣé ó kú ni?” Ìyá rẹ̀ ní kó dákẹ́. Èmi gbà pé ìbéèrè ọmọ náà ni gbogbo ẹni tó ń ṣe àfihàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dáhùn.

Ẹdẹ tún ti lọ sókè òkun lọ́nà mìíràn. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa bí wọ́n ṣe tẹ ìlú náà dó ni pé Aláàfin Ṣàngó rán Tìmì Àgbálé, Ọlọ́fà-iná, lọ sí Ẹdẹ láti máa ṣọ́ ẹnubodè ilẹ̀ Ọ̀yọ́. Nígbà tí agbára Tìmì pọ̀ jù lójú Aláàfin, ó rán jagunjagun rẹ̀, Gbọ̀nńkáà, kí ó lọ mú un wá. Dúró Ládiípọ̀ fi ìtàn yìí ṣe eré Ọba Kò So ní Òṣogbo ní 1963. Ọdún tó tẹ̀ lé e, eré náà dé àjọ̀dún tíátà ní Berlin, ní 1965 ó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àwọn orílẹ̀-èdè Kọmọnwẹ́ẹ̀tì. Àwọn ará Jámánì tí wọn kò mọ ọ̀nà Ẹdẹ rí rí Tìmì àti Gbọ̀nńkáà tí wọ́n ń fi ọfọ̀ dojú kọ ara wọn lórí pèpéle.

Ilé tí eré náà ti jáde, ọtí ni wọ́n ń tà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ládiípọ̀ ló ni ín. Ní oṣù Kẹta ọdún 1962 ni wọ́n sọ ọ́ di ilé ìṣeré àti gbọ̀ngàn àfihàn, Mbari, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán ní Ìbàdàn, ló sì ya orúkọ lé e lọ́wọ́. Mbari, ọ̀rọ̀ Igbo ni. Ará Òṣogbo gbọ́ ọ, wọ́n sì sọ ọ́ di tiwọn: Ḿbárí Ḿbáyọ̀, bí mo bá rí i, ǹ bá yọ̀. Mi ò tíì rí orúkọ tó bá ilé àfihàn mu tó èyí. Láti inú ilé náà ni Twins Seven-Seven, Jímọ̀ Búráímọ̀, Mùráínà Oyèlámì, Rufus Ògúndélé àti Adébísí Fábùnmí ti gbéra. Ayàwòrán Denis Williams ló kọ́kọ́ darí àwọn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, Georgina Beier, ẹni tí Ulli Beier fẹ́ lẹ́yìn Wenger, sì ṣe ti 1964. Búráímọ̀ ló ń tọ́jú iná mànàmáná fún ẹgbẹ́ eré Ládiípọ̀, kí ó tó wá di ẹni tó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ya àwòrán. Ilé kan lójú títì, tí ọmọ ọjà lè yà wọ̀ kó wo ohun tó wà lára ògiri: nǹkan tó sọ wọ́n di ẹni tí ayé mọ̀ nìyẹn.

Nínú gbogbo wọn, Oyèlámì ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá tèmi mu jù. Ọmọ Ìrágbìjí ni, ìlú kékeré tó wà láàárín àpáta, kò jìnnà sí Òṣogbo. Ó ya àwòrán, ó lùlù, ó kọ́ ọmọ yunifásítì ní dùndún àti bàtá ní Ifẹ̀, ó kọ̀wé lórí wọn. Nígbà tó tó àkókò láti kọ́ ilé fún iṣẹ́ ọnà, Ìrágbìjí ló padà sí, ó sì pe ibẹ̀ ní Ọbàtálá Centre for Creative Arts. Níkẹ̀ẹ́ Òkúndayé, oníṣẹ́ àdìrẹ, náà ṣe bẹ́ẹ̀: yàtọ̀ sí ilé iṣẹ́ ọnà rẹ̀ ní Òṣogbo àti ní Lẹ́kí, ó gbé iṣẹ́ aṣọ àti àrò padà sí Ògìdì-Ìjùmú, ìlú bàbá rẹ̀. Àwọn tí ayé ti mọ̀, tí wọ́n lè dúró sí Èkó, ló gbé e padà sílé.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní ìlú kékeré kò lè ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ẹ ní kó lọ sí Ẹ̀sìẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Ère òkúta tó ju 800 lọ wà níbẹ̀, ọkùnrin àti obìnrin tí wọ́n jókòó, tí wọ́n di irun, tí àwọn mìíràn gbé idà dání, tí ọ̀pọ̀ wọn ti pàdánù orí. Inú igbó ni wọ́n wà, àwọn ará ìlú ń bọ wọ́n. Ní 1933 ni ọ̀rọ̀ wọn dé etí àwọn aláṣẹ òyìnbó. Ìjọba kò kó wọn lọ sí Èkó. Wọ́n kọ́ ilé lé wọn lórí níbi tí wọ́n wà, wọ́n sì ṣí i ní 1945. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà nìyẹn, ó ṣáájú ti Jos pẹ̀lú ọdún méje, ó ṣáájú ti Èkó pẹ̀lú ọdún méjìlá. Ilé náà tọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé lọ. Ìlànà yìí ni mo rò pé a gbàgbé.

Ẹdẹ náà ní tirẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀. Kí ìlú tó kó wá sí ibi tó wà lónìí, Ẹdẹ-Ilé ló wà, ní òdìkejì odò Ọ̀ṣun. Akínwùmí Ògúndìran, onímọ̀ ìwalẹ̀pìtàn, wa ilẹ̀ níbẹ̀. Ó rí àpáàdì ìkòkò tí ọnà ara rẹ̀ jẹ́ ti Ọ̀yọ́, ó rí egungun ẹṣin. Igi osè sì dúró níbẹ̀, igi ilẹ̀ ọ̀dàn tí kì í fúnra rẹ̀ hù ní ẹ̀bá igbó kìjikìji; ọwọ́ ènìyàn ló gbìn ín. Ìtàn tí àwọn bàbá wa fi ẹnu sọ, pé láti Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti rán wọn wá ṣọ́ ọ̀nà, ilẹ̀ jẹ́rìí sí i. Ọmọ ilé ìwé mélòó ní Ẹdẹ ló ti fi ọwọ́ kan irú àpáàdì bẹ́ẹ̀ rí?

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Ẹdẹ, ìlú Mùsùlùmí ni. Òótọ́ ni. Tìmì Habibu Lágúnjú ti gba Ìsìláàmù láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ó wà lára àwọn ọba Yorùbá tó kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Kírísítẹ́nì náà pọ̀ níbẹ̀, yunifásítì méjì tó wà nílùú náà, Redeemer's àti Adéléke, ìjọ Kírísítẹ́nì ló wà nídìí wọn. Ẹni tó ń kírun tàbí tó ń gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì lè ní òun kò fẹ́ rí ère. Mo bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ìlú kan náà ni wọ́n kọ odindi ìwé lé lórí ní 2017, tí Insa Nolte, Olúkòyà Ògen àti Rebecca Jones ṣe olóòtú rẹ̀, nítorí bí àwọn ẹlẹ́sìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe ń bá ara wọn gbé. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú bẹ́ẹ̀ yóò ní wàláà tí ọmọ kéú fi kọ́ ìwé, yóò ní Bíbélì Yorùbá àtijọ́ tí ojú ewé rẹ̀ ti di àwọ̀ ilẹ̀, yóò ní ṣẹ̀ẹ̀rẹ̀ Ṣàngó. Ẹni tó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò wà níbẹ̀ láti sọ ìtàn rẹ̀ fún ọmọ ẹlòmíràn. Nígbà tí a kò bá ní irú ibi bẹ́ẹ̀, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé bí bàbá bá kú, ọmọ tó ti ń sin Ọlọ́run lọ́nà mìíràn a ju ẹrù bàbá sínú iná, tàbí kí ó tà á fún ẹni tó mọ iye tó ń lọ ní Yúróòpù. Iye ère ìbejì tó gba ọ̀nà yìí kúrò ní ilẹ̀ Yorùbá kò ṣeé kà.

Ìbẹ̀rù mìíràn tún wà, òun ló sì ṣòro jù láti dá lóhùn. Àwọn àgbà tó ni ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kò fọkàn tán ẹni tó bá ní kí wọ́n gbé e wá. Wọn kò jẹ̀bi. Ohun tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ní Benin ní 1897, ìparí ọdún 2022 ni Jámánì tó gbé nǹkan bí 20 padà wá nínú rẹ̀, lẹ́yìn ọdún 125. Àwọn olè ti fọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Ifẹ̀ pàápàá, wọ́n kó orí ère lọ níbẹ̀ nínú àwọn ọdún 1990. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ṣe àfihàn ní ìlú kéékèèké kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí “ẹ gbé e fún wa.” Kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí “ẹ yá wa fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ọmọ yín jókòó tì í, kí ó gbé e padà sílé.”

Ọjọ́ mẹ́ta náà tó. Ojú mi rí i báyìí: ní ọ̀sẹ̀ tí ìlú bá ń ṣọdún, tí ọmọ Ẹdẹ ti dé láti Èkó, Ìbàdàn àti òkè òkun, kí a lo gbọ̀ngàn ilé ìwé kan. Kí agbẹ́lù gbé igi ọmọ tí kò tíì gbẹ́ wá, kí ó gbé èyí tó ti gbẹ́ dé ìdajì, èyí tó ti fi awọ bò, àti èyí tó ń sọ̀rọ̀, kí ọmọdé rí ọ̀nà tí igi gbà di ẹnu. Kí àkọlé gbogbo wà ní Yorùbá, kó sì ní orúkọ ènìyàn nínú. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Pólì ìjọba àpapọ̀ tó wà nílùú ṣe ẹ̀dà ìwé àti fọ́tò tí àwọn ará ilé bá gbé wá lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n dá ojúlówó padà fún ẹni tó ni ín. Àwọn fọ́tò tí Beier yà wà ní Iwalewahaus ní Bayreuth ní Jámánì, ilé tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1981, àkójọ Beier wà ní Òṣogbo pẹ̀lú, ní ilé-iṣẹ́ Centre for Black Culture and International Understanding. Òṣogbo kò ju ìrìn àjò mọ́tò kúkúrú lọ sí Ẹdẹ. Kí ẹ̀dà wọn rìn wá sílé, kí a lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri, kí àwọn àgbà tó ṣì wà láyé nawọ́ sí ojú kan kí wọ́n ní, “Bàbá mi nìyí.”

Nínú ìwé Beier, ọ̀pọ̀ ojú ló wà tí kò ní orúkọ lábẹ́. Ní Ẹdẹ, àwọn tó mọ orúkọ wọn ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Èyí ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà lè dúró de ìgbà tí ìjọba bá rí owó kọ́ ilé ńlá.

Ẹ̀yin ọmọ Ẹdẹ tí ẹ ń ka ìwé yìí, àti ẹ̀yin ọmọ ìlú kékeré mìíràn tí ọ̀rọ̀ yín jọ tiwọn: ẹ wo inú àpótí màmá àgbà. Bí fọ́tò ọdún kan, ti ìlù kan, ti ìgbéyàwó kan bá wà níbẹ̀, ẹ gbé e tọ̀ wọ́n lọ ní ìrọ̀lẹ́ òní, kí ẹ béèrè àwọn tó wà nínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi pẹ́ńsùlù kọ orúkọ wọn sí ẹ̀yìn rẹ̀.